Ìbòrí Ọkọ̀ Tí Mo Kàn fún Ìyá Rẹ

Bwari,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Òkun o, bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kabba. Mo kí ọ, mo kí Káyọ̀dé ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáápù. O ní àrùn rọlápárọlẹ́sẹ̀ ti dá ìyá ọkọ rẹ dùbúlẹ̀ kò pẹ́ tí o wọlé ọkọ, pé wọn ò lè jókòó, pé kò sí oní-takisí tó fẹ́ gun òkè Mpape wá gbé ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja. O ní Káyọ̀dé ti ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan, ẹ sì fẹ́ kan ìbòrí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ lè máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. O wá ní kí n sọ bí mo ṣe kan èyí tí mo kàn fún ìyá rẹ.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù. O gbé e, mo bi ọ́ bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Mpape, o ní ó ti ń rọ̀, mo sì dágbére. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò jáde lẹ́nu mi. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bwari sí Mpape kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé kíkà Yorùbá kò yá ọ lára, Abuja la ti tọ́ ọ. Kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ojú rẹ kò bá dá mọ̀, etí rẹ á gbọ́ ọ.

Lẹ́tà tí bàbá ń kọ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àdúrà ló yẹ kó kún inú rẹ̀. Mo wá àdúrà nínú ara mi, mi ò rí púpọ̀. Má bínú sí mi. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ṣẹlẹ̀, o wà ní Sókótó níbi tí o ti ń ṣe àgùnbánirọ̀, a kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Òun ló ní ká má sọ. Ó ní bí o bá gbọ́, o máa fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ wá jókòó tì òun, o máa máa sunkún, ẹkún rẹ kò sì ní gbé òun dìde. O ṣáà mọ oko rẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta lẹ́yìn ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ru igbá iṣu bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, ó sì fi ẹ̀yìn lu òkúta. Àwọn obìnrin Gbagyi tí oko wọn kángun sí tirẹ̀ ló fi wíìlìbáà tì í wálé. Nígbà tí mo jáde sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun fi ẹsẹ̀ òun sí. Mo rò pé àwàdà ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ti kú.

Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan lápá Gwagwalada. Ọkọ̀ tí ì bá wá gbé aláìsàn, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Àwọn oní-takisí wò ó lórí ẹní, wọ́n ní ẹni tí kò lè jókòó kò lè wọ ọkọ̀ àwọn. Píkọ́ọ̀pù mi ló kù, èyí tí mo fi ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó láti Zuba wá sí Bwari lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ìjọba. Mo tẹ́ fóòmù sẹ́yìn rẹ̀, mo ta tapólì bò ó. A ti kọjá Kubwa kí òjò tó dé. Omi kún inú tapólì náà, ó sì wó lé ìyá rẹ lójú. Mo dúró létí títì, mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi orí àti ọwọ́ mi gbé tapólì náà sókè bí òpó, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá, wọ́n ń ta omi sí wa lára. Eyín ìyá rẹ ń gbá ara wọn, ó sì ń wo ojú mi láti ilẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé n óò kan ìbòrí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí, ọmọ mi: ìfẹ́ kì í ṣe ìmọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bàbá mi fi mí síṣẹ́ káfíńtà ní Kabba. Mo kọ́ bí a ṣe ń gé pákó, mo kọ́ bí a ṣe ń kan àga. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà ló wù mí. Kí ọ̀gá mi tó kọ́ wa ní òrùlé, mo ti sá lọ bá awakọ̀ kan. Ó lé lógójì ọdún tí mo fi ń fi ọ̀gá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo wá dúró níwájú píkọ́ọ̀pù tèmi pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, òrùlé gan-an ni mo nílò, òun gan-an ni mi ò sì mọ̀. Bí Káyọ̀dé kò bá mọ̀ ọ́n kàn, má jẹ́ kó rò pé nítorí pé ìyá òun ni, ọwọ́ òun á mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ kì í mọ ohun tí a kò kọ́ ọ.

Èkejì. Wọn ènìyàn kí o tó wọn ọkọ̀. Mo lọ sí ọjà pákó ní Dei-Dei, mo ra pákó tó le, mo wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ ní òòró àti ní ìbú, mo sì ṣe orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó má ga ju orí ọkọ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a lójú títì. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mi ò rò ó pé ẹlòmíràn yóò nílò àtiwọ ibẹ̀ tọ ìyá rẹ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ọkọ̀ ni mo wò. Ẹ jẹ́ kí tiyín ga tó ẹni tó jókòó. Ẹ má sì lo pákó tó wúwo, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa rẹlẹ̀ débi pé gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń lù ú, ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń dùn ló sì ń gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ìṣó. Sani, wẹ́dà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, tó máa ń kí ìyá rẹ ní “Sannu, Mama”, òun ló ní kí n má fi ìṣó dè é mọ́ ọkọ̀. Ó ní lójú ọ̀nà búburú, ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀, ìbòrí á sì fò lọ lọ́jọ́ kan. Ó jó irin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi nọ́ọ̀tì dè é. Ibi tí òun náà ti ṣì í ni ti ọ̀dà. A fi páànù bo orí rẹ̀, ọ̀dà dúdú ló kù lọ́wọ́ Sani, a sì fi kùn ún, àwa méjèèjì ń yin ara wa pé ó ń dán. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré tí oòrùn mú, inú rẹ̀ ti gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Ọ̀dà funfun ni kí ẹ lò.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ gbé ìyá rẹ sínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò wá gbé e pẹ̀lú fóòmù rẹ̀, wọ́n rọra tì í wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Inú mi dùn, mi ò ní tan ọ́. Mo ń nu ọwọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ tó ń kan pákó láti inú. Mo ṣí i. Ó ń wò mí láti inú òkùnkùn.

“Bàbá Mojí, ṣé pósí lẹ kàn fún mi ni?”

Àwọn ọkùnrin yẹn wolẹ̀. Mo lọ mú ayùn, mo sì ń la ẹ̀gbẹ́ pákó náà níbẹ̀, kí n lè yọ fèrèsé sí i. Ó fi ìborùn bo ojú rẹ̀ nítorí ìyẹ̀fun pákó. Nígbà tí mo gé e tán, mo bi í bóyá ó dára. Ó ní ó dára fún ẹni tó bá dúró, ṣùgbọ́n òfuurufú nìkan ni òun ń rí níbi tí òun wà. Mo tún gé e wá sísàlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ mi, ẹni tó dùbúlẹ̀ ni kí ẹ fi ojú rẹ̀ wọn fèrèsé. Kí ẹ sì yọ gíláàsì tó wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn, kí ẹ̀yin àti wọn lè máa gbọ́ ohùn ara yín.

Èmi yọ tiwa. Mo ń wakọ̀, ìyá rẹ ń sọ ohun tó ń rí fún mi láti ẹ̀yìn. Níjọ́ kan ní Zuba, níbi tí àwọn tó ń ta èso ti dí ọ̀nà, obìnrin kan na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó fi ọsàn sí i lọ́wọ́, kò sì dúró gba ọpẹ́. Ìyá rẹ gbóòórùn ọsàn náà títí a fi dé Gwagwalada, kò jẹ ẹ́. Ó sọ̀rọ̀ ìgbà tí a pàdé fún mi, ó sọ ohun tí ìyá mi sọ sí i nígbà tó wọlé wa, tí kò sọ fún mi láti ìgbà náà. Mi ò rò pé a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó dára nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni. Mi ò ní òmíràn láti fún ọ.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọsibítù.

A dé ibẹ̀, wọ́n ní kò sí ibùsùn. A dúró sábẹ́ igi dógóyárò níbi tí wọ́n ń pa ọkọ̀ sí. Dókítà kan, ọmọbìnrin tí kò lè jù ọ́ lọ púpọ̀, jáde wá bá wa. Ó fẹ́ wọ inú ìbòrí lọ yẹ ìyá rẹ wò, ṣùgbọ́n orí ìbòrí náà ti rẹlẹ̀ jù. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ ihò, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tó fẹ́. Ó jáde pẹ̀lú eruku lára aṣọ funfun rẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó sì ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn, bóyá ibùsùn á ti wà. A padà lọ. A tún padà lọ. Wọ́n gbé e wọlé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ohun tó ti kú ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní jí mọ́. Egbò ti ń yọ sí i nídìí. Wọ́n ní kí n máa gbé e wá kí wọ́n máa wẹ egbò náà.

Mo ń gbé e lọ. Nígbà tí òjò lọ tí ọyẹ́ dé, mo ń gbé e lọ. Bí a bá ti dé, inú mi á ti máa ro ìgbà tí a óò tún lọ. Ẹni tó bá kan nǹkan fẹ́ kí wọ́n máa lò ó, àfi bí ẹni pé bí ọkọ̀ náà bá ṣì ń lọ, ìrètí ṣì wà.

Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ lọ pe àwọn tó máa bá mi gbé e, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun kò fẹ́ lọ mọ́. Ó ní kòtò ojú ọ̀nà ń pa òun, pé egbò tí wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, o lè bá òun wẹ̀ ẹ́ nílé bí o bá ti Sókótó dé. Ó ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀ sójú kan. Mo sọ ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ, mo ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ń wò ó, Bàbá Mojí. Èmi ni mo ń rù ú.”

Mo lọ pe àwọn ènìyàn, a gbé e. Kò jà, kò sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn láti iwájú ọkọ̀, ó ti yí ojú kúrò níbi fèrèsé, ó kọjú sí pákó. Bó ṣe wà nìyẹn láti Bwari dé Gwagwalada, bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí a ń bọ̀. A kọjá Zuba, mo sọ fún un pé máńgòrò ti dé ọjà. Pákó ló ṣì kọjú sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ló kú. A sọ fún ọ pé ojú oorun ló gbà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí a kò sọ ni ibi tí mo wà. Ọ̀sán ni. Orí ìbòrí náà ń jò níbì kan, mo sì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ dí i, nítorí pé a tún fẹ́ lọ. Sani ló wọ inú ilé lọ kí i, kó tó wá bá mi ṣiṣẹ́. Ó jáde, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń wò mí níbi tí mo ti ń tẹ ọ̀dà tí a fi ń dí òrùlé mọ́ ojú ihò. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Mojí, èmi kò mọ ẹni tó jàre láàárín èmi àti ìyá rẹ. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀, tí mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, bóyá egbò náà ni ì bá tètè pa á, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé á sì máa ní ọkọ rẹ̀ ló wò ó títí tó fi kú. Bí mo ṣe ṣe yìí, mo gba ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú náà. Mo ti yí i sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ènìyàn ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo fi sílẹ̀, ó tún padà wá bá mi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó jù lọ tí mo ní kò kan pákó. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, bi ìyá ọkọ rẹ léèrè. Ẹnu ẹni la fi ń kọ “mi ò jẹ”. Má bi Káyọ̀dé, ọmọ wọn ni, kò lè gbọ́ èsì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́. Dókítà ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni ọ́, ẹnu rẹ kò tíì gbórín nínú ilé yẹn. Dúró dìgbà tí o bá ń wẹ̀ fún wọn, tó ku ẹ̀yin méjì. Kúnlẹ̀, kí o rọra sọ ọ́: Màmá, wọ́n fẹ́ máa gbé yín lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀, ọ̀nà náà á máa dun yín, bóyá wọ́n á wo ohun tó ń ṣe yín sàn, bóyá wọn ò ní lè ṣe é. Ṣé ẹ fẹ́ lọ? Kí o sì dákẹ́. Má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá já gaara mọ́ nítorí àìsàn náà, wo ojú wọn.

Bí wọ́n bá ní rárá, ìwọ lo máa sọ fún Káyọ̀dé, á sì le. Ó lè rò pé o fẹ́ kí ìyá òun kú kí ilé gbà ọ́. Ó lè má bá ọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà kan. Má bá a jà. Ojú rẹ̀ ti ń rí i pé òun kò lè ṣe nǹkan kan, ìyẹn ni ọkùnrin ò fẹ́ kí ojú òun rí. Sọ fún un kó wá sí Bwari wá jókòó tì mí. Bí a kò bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, kó wá.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ, ẹ gbé wọn lọ, kódà bí gbogbo ayé bá ń sọ fún yín pé kò wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra pákó. Mo mọ̀ pé ìbòrí tó wà lẹ́yìn ilé mi ni o fẹ́ tọrọ, tí ojú ń tì ọ́. O bi mí bí a ṣe ń kàn án kí o má bàa ní kí n gbé e fún ọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò tíì gbé ọkọ̀ yẹn jáde, mi ò sì tíì tú u. Ìwọ̀n ẹ̀yìn ọkọ̀ yín á bá a mu. Kí Sani bá yín gbé orí rẹ̀ sókè, kó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Ẹ wá lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ géètì sọ́dọ̀ Sani, ó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ tètè ṣe é tán kí n tó dé, ẹ má sì dúró dè mí. Bí mo bá dé tí ìbòrí náà ṣì wà lórí ọkọ̀, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí mo bá bá ẹ̀yìn ọkọ̀ lásán, n óò mọ̀ pé wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.